Ọkọ Ìyàwó Tí Ó Ní Ẹ̀yìn Ń Dun Òun

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni Ràímì kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn dìsípẹ́ńsárì wa, ẹnu mi ni mo sì fi lé e padà sílé. Mi ò bá a jà o. Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ kò wọ́n lẹ́nu mi. Ìyàwó mi tiẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé mi lọ sin, n óò ṣí pósí díẹ̀ kí n lè fi àwọn tó gbé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ ọjọ́ Ajé yẹn, tí mo bá rántí rẹ̀, ńṣe ni itọ́ ẹnu mi máa ń korò.

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, ní ọdún tí ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dìsípẹ́ńsárì náà wà lẹ́bàá títì tó ti Ìlobù lọ sí Ìfọ́n, ilé oníyàrá méjì tí a fi páànù bò, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ará Ìlobù ń wá, àwọn ará Ìfọ́n ń wá. Wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n sì ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú egbò ẹsẹ̀. Èmi ni mò ń fọ egbò, tí mò ń pín oògùn ibà kínínì, tí mò ń kọ orúkọ sínú ìwé ńlá. Ọ̀gá mi ni Ọ̀gá Sànúsí, àgbàlagbà kan tó kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì bá àwọn sójà dé ilẹ̀ Bọ́mà lásìkò ogun àgbáyé kejì. Àwa méjèèjì ni ará ìlú ń pè ní dókítà. Kò sí ẹni tó jẹ́ dókítà nínú wa, ṣùgbọ́n a kì í bá wọn jiyàn.

Nínú ìwé ńlá yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ aláìsàn, àyè kan wà fún ohun tó ń ṣe é. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin lè purọ́. Obìnrin á sọ ti inú rẹ̀, á sọ ti orí rẹ̀, á fi ti ìyá ọkọ rẹ̀ kún un. Ọkùnrin kò jẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yàrá kò lọ déédéé fún òun. Á ní ibà ni. Á ní ara ń ro òun. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni "Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ ni Ọ̀gá Sànúsí ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ayọ̀, ọkùnrin tó bá ní ẹ̀yìn ń dun òun, tí kò sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn náà, má tètè fún un ní oògùn. Àga ni kí o fún un. Jẹ́ kó jókòó títí àwọn yòókù á fi lọ tán."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni mo wí. Mo gbọ́ ọ, kò yé mi.

Ọjọ́ Ajé tí mò ń sọ yìí, Ràímì wọlé. Àgbẹ̀ ni, ará Ìfọ́n, ó fi bí ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ó sì ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba abẹ́ páànù wọlé. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló gbé ìyàwó. Àsàbí ni ìyàwó náà ń jẹ́, ọmọ Ìlobù ni, agbo ilé wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tiwa. Ìyá rẹ̀ ló ń se ọṣẹ dúdú tí gbogbo àdúgbò fi ń wẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, tọmọdé tàgbà ló lè fi ọkọ ìyàwó tuntun ṣe yẹ̀yẹ́. Kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ̀rín ni yóò fi gbà á, nítorí àdúrà ni a ka yẹ̀yẹ́ náà sí.

"Ọkọ ìyàwó!" ni mo kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ kú ìnáwó o! Kí ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ wa?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn mí díẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí fìlà rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u.

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Láti Ọjọ́bọ̀ títí dòní, ẹ ò sinmi, ẹ wá ní ẹ̀yìn ń dùn yín! Ẹ rọra o, ẹ ò ní ṣe tọdún mẹ́wàá tán lọ́sẹ̀ kan!"

Bẹ́ǹṣì dàrú fún ẹ̀rín. Ìyá arúgbó kan tí mò ń fọ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ lu itan. "Jẹ́ kó dùn ún!" ló wí. "Ti bàbá rẹ̀ náà dùn ún, ojú mi ló ṣe!" Ẹ̀rín tún sọ. Ràímì náà rẹ́rìn-ín. Mo rí ẹ̀rín náà dáadáa: ẹ̀rín ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ níwájú àna rẹ̀ ni. Ó wo kọ́tínì aláwọ̀ ewé tí Ọ̀gá Sànúsí wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wo bẹ́ǹṣì. Mo ti bu òróró ìpara sínú ìgò fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé: ẹ̀yìn dídùn.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin mẹ́rin wá láti Ìfọ́n sí agbo ilé Ìyá Àsàbí. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn tó bá mọ àṣà wa mọ ohun tí wọ́n gbé wá. Bí ọkọ bá bá ìyàwó nílé, ìyẹn ni pé ọkùnrin kankan kò mọ̀ ọ́n rí, àwọn ìyá ọkọ á fi páálí ìṣáná tó kún ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, orin ni wọ́n sì máa ń kọ bọ̀ láti ojú ọ̀nà. Bí wọn kò bá bá a nílé, wọ́n á yọ ìṣáná náà dé ìdajì. Lọ́jọ́ náà, a rí wọn kí a tó gbọ́ wọn. A ò gbọ́ orin rárá. Ẹni tó ṣáájú wọn gbé páálí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó nawọ́ síwájú, kí gbogbo ẹni tó wà níta lè rí i.

Ìyá Àsàbí kúnlẹ̀ gbà á. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó sì dúpẹ́. Àṣà ni pé kó dúpẹ́.

Èmi tí mo dúró níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, mo gbà á gbọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, "Háà, Àsàbí!" Ọmọ tí a jọ dàgbà, tó jẹ́ pé ojú ilẹ̀ ló máa ń wò bó bá ń pọn omi. Lọ́sẹ̀ yẹn, iye àwọn tó ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ já wálẹ̀, bí ẹni pé ìdọ̀tí ti wọnú ọṣẹ. Obìnrin náà kò jà, kò sunkún níta. Ó di páálí ìṣáná náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ibi tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń di owó mọ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí Ràímì tó padà wá. Ó ti rù. Mo bi í bóyá òróró náà ti tán, ó ní rárá. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ́ kí àwọn tó dé lẹ́yìn òun máa ṣáájú òun. Nígbà tó ku òun nìkan, Ọ̀gá Sànúsí fúnra rẹ̀ jáde wá, ó gbé àga sí ẹ̀yìn kọ́tínì, ó ní kó jókòó. Ó ní kí n máa to ìgò. Igun yàrá kan náà ni ìgò wà, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀gá kò bi í léèrè ẹ̀yìn. Ó bi í léèrè oko, ó bi í léèrè òjò. Lẹ́yìn náà ló wá ní:

"Ràímì, láàárọ̀, nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tí o ò tí ì ronú ohunkóhun, ṣé ara rẹ máa ń jí ṣáájú rẹ?"

Ràímì ká fìlà rẹ̀. "Ó máa ń jí, bàbá."

"Bíi ti tẹ́lẹ̀?"

"Bíi ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá wá yíjú sí ìyàwó mi báyìí, ara náà á kú."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ. Bó bá jẹ́ pé iṣan tàbí ẹ̀jẹ̀ ló bàjẹ́, àárọ̀ náà á bàjẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀rù ló ń bà ọ́."

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí a ṣe ń ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni ín. Ó ní inú orí ni ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú rí i, etí gbọ́ ọ, imú gbọ́ òórùn rẹ̀, ọpọlọ á wá pàṣẹ, àṣẹ náà á gba ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó há tẹ́lẹ̀ á sì ṣí, ẹ̀jẹ̀ á ya wọ ibi tó yẹ kó wọ̀, ilẹ̀kùn á tì mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ́ agbára ọkùnrin kò ju ìyẹn lọ: ẹ̀jẹ̀ tó rí àyè wọlé, tí kò sì tètè jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rù bá dé, ọpọlọ á rò pé ewu ń bọ̀. Á kó ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ kí ènìyàn lè sá, á kó o lọ sí apá kó lè jà. Kò ní fi ìkankan sílẹ̀ fún eré.

"Mo rí i lára àwọn sójà ní Bọ́mà," ni Ọ̀gá wí. "Ọkùnrin tó ń gbé ìbọn. Ta ló ń bà ọ́ lẹ́rù nínú yàrá tìrẹ?"

"Àwọn ìyá àgbà ilé wa," ni Ràímì wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. "Ìdí ilẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń dúró de aṣọ funfun tó ní ẹ̀jẹ̀ ìbálé. Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, kí n sọ bí mo ṣe bá a. Mo wá síbí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà."

Ìgò kan bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò fọ́.

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mi ò sọ nǹkan kan, bàbá. Mo dorí kodò. Wọ́n ní ó ti yé àwọn."

"Ìyàwó rẹ ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò tí ì mọ òun. Ó ní òun ò lè fi ẹnu ara òun tú ọkọ òun ní ìhòòhò."

Ọ̀gá Sànúsí fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó fún un ní ìtọ́jú tí n kò rí irú rẹ̀ rí, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀. Ó ní kó mú ìyàwó rẹ̀ lọ sí abà oko wọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní wúkọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kó má gbìyànjú ohunkóhun fún oṣù kan gbáko. Kí wọ́n jọ máa jẹun, kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú bó bá fẹ́, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. "Ara obìnrin náà ń fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀," ló wí. "Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ náà ní ibi tó ń lọ, ó ń lọ́ra ni. Dúró dè é." Ó tún ní: "Lọ́jọ́ tí ara rẹ bá yá, wàá lọ sọ òtítọ́ fún àwọn ìyá rẹ. Ṣèlérí fún mi." Ràímì fi Àlùkùráánì búra.

Bó ṣe lọ, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ fún Ìyá Àsàbí."

"Sọ kí ni?"

"Pé ọmọ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan!"

"Ohun tí a bá gbọ́ lẹ́yìn kọ́tínì yìí kì í bọ́ síta. Lọ́jọ́ tó bá bọ́ síta, ọkùnrin kankan kò tún ní wá síbí mọ́. Wọ́n á jókòó sílé, wọ́n á máa dorí kodò, ìyàwó wọn á sì máa jìyà rẹ̀." Ó wò mí. "Ayọ̀, ta ló gbà á lálejò lọ́jọ́ Ajé yẹn?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í to ìgò. Ó mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ́tínì kì í dá ohùn dúró.

Ìtọ́jú náà jẹ́. Bí òjò ṣe dá, Ràímì gbé iṣu mẹ́fà wá fún wa, ojú rẹ̀ ń dán, ó tilẹ̀ bú mi pé mo kúrú. Àsàbí ti lóyún. Ọ̀gá bi í léèrè ìlérí. Ó ní ó di lẹ́yìn ìkórè. Lẹ́yìn ìkórè, ó ní ó di lẹ́yìn Iléyá. Ara tó yá náà ló wá di ìṣòro: ọkùnrin tí gbogbo ayé ń kí pé ó kú oríire oyún, báwo ni yóò ṣe tún bọ́ síta kó ní nígbà kan rí, òun kò lè ṣe é?

Ìyá Àsàbí náà wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn. Orí ló ń fọ́ ọ, kò sì rí oorun sùn. Mo ń ka hóró oògùn sínú bébà fún un nígbà tó rọra wí pé:

"Ayọ̀ mi, ìwọ tó kàwé. Ṣé ó wà nínú ìwé pé ọmọbìnrin tí ọwọ́ ọkùnrin kò kàn rí lè má ní ẹ̀jẹ̀?"

Inú mi dùn pé mo ní ohun tí mo lè sọ láìtú àṣírí. "Ó wà, ìyá. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń ya tí ẹ̀jẹ̀ fi ń wá. Ti ẹlòmíràn fẹ́lẹ́, ti ẹlòmíràn a máa fà bíi rọ́bà, kò ní ya. Iṣẹ́ oko lè ti ya á láti kékeré. Kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà lè fi hàn dájú."

Ó mi orí. "Ó dára. Ta ni yóò wá kà á sétí àwọn ará Ìfọ́n?" Ó gba oògùn rẹ̀, ó di í mọ́ etí aṣọ kejì. Páálí ìṣáná ṣì wà ní ti àkọ́kọ́.

Àsàbí bí ọmọkùnrin. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Ràímì bá mi lójú ọ̀nà, ó fi nǹkan kan tí a fi bébà wé sí mi lọ́wọ́. Páálí ìṣáná ni, tuntun, ó kún dẹ́nu.

"Ẹ bá mi fún ìyá," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí yín."

Mo lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbé e kalẹ̀ níwájú ìyá náà, mo ní ọkọ Àsàbí ló ní kí n gbé e wá. Ó ṣí i, ó fi ìka kan tọ orí ìṣáná náà lọ láti igun dé igun. Mo rí i pé ó yé e. Kò bi mí léèrè ìdí rẹ̀.

"Àwọn mélòó ló bá ọ wá?"

"Èmi nìkan ni, ìyá."

"Orin ńkọ́?"

Mo wolẹ̀.

"Ènìyàn mẹ́rin ló gbé aláàbọ̀ wá, ní ọ̀sán gangan. Èyí wá, inú àpò ni wọ́n fi í sí." Ó pa á dé, ó tì í padà sọ́dọ̀ mi. "Ọmọ mi, o ṣeun. Dá a padà fún un. Sọ fún un pé kó gbé e gba ojú títì wá."

Mo jíṣẹ́ náà fún Ràímì ní ẹ̀bá ọ̀nà oko. Ó wo páálí náà, kò gbà á. "Dókítà," ló wí, "bí mo bá gbé e gba ojú títì, kí ni wọn ó máa pè mí ní Ìfọ́n? Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín." Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ. Ẹ̀rín bẹ́ǹṣì ọjọ́ Ajé náà gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ mi lẹ́nu. Mo ki páálí náà sápò padà.

Ìyá Àsàbí kú kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ bá ìṣáná aláàbọ̀ náà ní etí aṣọ rẹ̀, wọ́n sì tún fi ojú ẹ̀gàn wo Àsàbí, tó pọn ọmọ wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ràímì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó dorí kodò.

Ó pẹ́ kí èmi àti Àsàbí tó fojú kanra. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kejì wá, ara ọmọ gbóná. Mo ń wọn oògùn nígbà tó ní, láìgbé ohùn sókè:

"Bọ̀dá Ayọ̀, bàbá wọn ní ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wá síbí, òun fẹ́ sọ ọ́. Ó ní ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín."

"Àsàbí, jọ̀ọ́..."

"Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo mọ̀ ni. Ṣíbí mélòó ni n óò fún ọmọ yìí?"

Mo ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Sànúsí ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti lọ sí ilé rẹ̀. Èmi ló kàn tí wọ́n ń pè ní dókítà àgbà báyìí. Páálí tó kún náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, lábẹ́ ìwé. Lọ́dún tó kọjá mo ṣá ọ̀kan nínú rẹ̀, kò ràn. Ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́. N kò ṣá òmíràn.

Mo ṣì máa ń ṣẹ̀fẹ̀. Mo máa ń fi ìyá arúgbó ṣe yẹ̀yẹ́, mo máa ń fi tíṣà àti ìmáàmù ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn náà ń san án fún mi. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọkọ ìyàwó tuntun kan gun àtẹ̀gùn wa, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fìlà. Bẹ́ǹṣì ti ń mú ẹ̀rín bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró dè mí kí n bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé àga fún un. Mo gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo bi í léèrè òjò. Àwa méjèèjì jókòó, a ń wo títì Ìfọ́n, títí àwọn yòókù fi lọ tán.